Aṣọ Ìfẹ̀yìntì Ọ̀gágun

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń dúró tì mí ní ẹnu mọ́ṣáláṣí wa ní Darkuman lẹ́yìn ìrun alásárì, tí ẹ ń béèrè pé, "Bàbá Ràímì, iṣẹ́ wo ni ká kọ́?", mo ti gbọ́ yín. Ẹ jẹ́ n jókòó dáadáa ná. Ojú mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Télọ̀ ni mí. Aṣọ ṣọ́jà ni mo fi gbogbo ayé mi rán ní Accra yìí, ẹni tó sì bẹ̀rù ṣọ́jà tó mi kò sí láti Kaneshie títí dé Ashaiman. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tẹ́rùn, ẹ ó gbọ́ ibi tó já sí.

Ẹ̀rù náà ní ìdí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ológun ló ń ṣèjọba. Lọ́jọ́ kan wọ́n wọ ọjà, wọ́n ní àwọn oníṣòwò ń kó ọjà pamọ́ kó lè wọ́n fún ará ìlú. Ìyá mi ń ta aṣọ. Ó tì mí sábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó fi àńkárá bò mí. Láti abẹ́ tábìlì yẹn, bàtà nìkan ni mo ń rí, bàtà dúdú ńláńlá, àti orúnkún ìyá mi méjèèjì nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọn kò pa á, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà ṣọ́jà, n ó máa wá abẹ́ tábìlì tí n ó wọ̀. Ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó bá rí okùn, á sá.

Ẹ wá wo àrà Ọlọ́run. Nígbà tí mo tó ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ ta ni bàbá mi fà mí lọ? Ọ̀dọ̀ Alfa Sùlè, ará Ọ̀ffà, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọjà Kaneshie, tí aṣọ àwọn ọ̀gá ṣọ́jà kún ara ògiri rẹ̀ fọ́fọ́. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú, mo ní mi ò wọlé. Bàbá mi ń já ìka mi kúrò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù yẹn, lọ máa rán an. Bí o bá mọ bí wọ́n ṣe ń gé e, tí o mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó pọ̀, o ó rí i pé aṣọ lásán ni."

Alfa Sùlè! Ọlọ́run bá mi kẹ́ ẹ. Ènìyàn kúkúrú ni, kì í sì í pariwo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń lé oorun lójú wa: "Tú u." Bí ojú ìránṣọ rẹ bá wọ́ díẹ̀ báyìí, tú u. Bí bọ́tìnì bá jókòó lọ́nà tí kò wù ú, tú u. O lè rán ọwọ́ aṣọ láti àárọ̀ di ọ̀sán, kó kàn gbé e sójú lẹ́ẹ̀kan, kó jù ú sí ọ lẹ́sẹ̀, kó máa tẹ ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Mo tú aṣọ títí mo fi ń tú u lójú àlá. Áyọ́ọ̀nù eléèédú la fi ń lọ aṣọ nígbà náà, ẹyin iná sì lè ta jáde nígbàkigbà kó dá ihò sí aṣọ olówó-iyebíye lára. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ ọ̀gá ṣọ́jà, fìlà ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ níṣojú Alfa. Ó ní bí yóò bá jó ẹnìkan, kó kọ́kọ́ jó ẹni tó ni ọwọ́. Fìlà tí mo rà nígbà náà ju bàtà tí mo rà lọ.

Òfin méjì ló so mọ́ wa lọ́rùn. Èkíní, aṣọ ológun kì í purọ́. A kì í fi fóòmù kún àyà ẹni tí kò ní àyà, a kì í gbé èjìká ga fún ẹni tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀gá kan bẹ̀ ẹ́ títí, Alfa ní kí wọ́n lọ bá télọ̀ agbádá. Èkejì ló wúwo jù: ìwọ̀n ara ènìyàn, amánà ni. Ohun tí téèpù bá sọ fún ọ, ọ̀dọ̀ rẹ ló parí sí. Akẹgbẹ́ mi kan, Mùsá, jókòó ti àwọn awakọ̀ tròtrò lọ́jọ́ kan, ó ń jẹ kẹ́ńkè, ó ní ikùn ọ̀gá lágbájá ti ń yọ síta. Ọ̀rọ̀ ìpanilẹ́rìn-ín lásán ni o! Alfa gbọ́. Kò nà án, kò bú u. Ó ká téèpù rẹ̀ lé bàbá Mùsá lọ́wọ́, ó ní ọmọ náà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Gbogbo àgbà Sọ́ńgò, àdúgbò àwa Mùsùlùmí àlejò, bẹ̀ ẹ́, kò gbà. "Bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́" ni gbogbo ohun tó ń tẹnu mọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, òun ni ó kù díẹ̀ kó pa mí.

Bí mo ṣe gba òmìnira, bí wọ́n ṣe gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ inú bárékè, àti ohun tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fò ó. Mo jẹun, mo kọ́ ilé kékeré sí Darkuman, ó tán. Ìgbà náà ni àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀ pé ṣọ́jà ti padà sí bárékè. Èmi náà rèé, inú bárékè gan-an ni mo lọ bá wọn!

Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ tí Kápúténì kan fi wọlé wá, ó ga, ó dúdú, èjìká rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Orúkọ rẹ̀ kò ní ti ẹnu mi jáde. Ọ̀gágun ni n ó máa pè é, nítorí ibẹ̀ ló padà dé. Mo na téèpù yí àyà rẹ̀ ká. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí irin ẹnu téèpù fi ń lu bọ́tìnì rẹ̀. Ó wolẹ̀ wò mí. Hausa ló fi bá mi sọ̀rọ̀, bí àwọn ará bárékè ṣe máa ń ṣe. Alata ni wọ́n ń pe àwa ọmọ Yorùbá níbí.

"Alata, ta ló ń lé ọ?"

Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n ro ohun tí mo fẹ́ sọ. "Ẹ̀yin ni, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ìwọ̀n àyà rẹ̀ yí padà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Wọ̀n mí dáadáa. Mo ti jẹun kí n tó wá."

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń rán gbogbo aṣọ rẹ̀. Mo ń tú àmì kan kúrò ní èjìká rẹ̀, mo ń fi òmíràn síbẹ̀, Kápúténì di Mejọ̀, Mejọ̀ di Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé ọ̀gá ńlá ni, pé ó sin orílẹ̀-èdè rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi máa sọ èyí tí mo fojú rí.

Wọ́n rán an lọ sí ìlú òkèèrè kan tí àwọn ọmọ ìyá kan náà ti ń pa ara wọn, pé kí òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ dúró láàrin. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ́kọ́ wá pẹ̀lú àpò kan. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ogun rẹ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, ọmọ náà kò bá wọn padà láàyè. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ihò wà ní àyà rẹ̀. Mo sún sẹ́yìn. Mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Ràímì, ìyá rẹ̀ ní òun fẹ́ gba aṣọ ọmọ òun. Èmi ni màá gbé e lọ fún un, mi ò sì fẹ́ kó ti ìka bọ ihò yẹn. Rán an bí ẹni pé lọ́la ni yóò wọ̀ ọ́ lọ páréèdì."

Mo rán an, omi ń bọ́ lójú mi sórí rẹ̀. Ó jókòó tì mí títí mo fi ṣe é tán, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀. Ọ̀gá mìíràn ì bá rán awakọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí abúlé ìyá náà, ọ̀nà tó jìn sí Accra.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni jàǹbá tèmi dé. Alfa Sùlè ti kú, mo ti gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kaneshie, mo sì kó aṣọ ayẹyẹ àwọn ọ̀gá bíi mélòó kan lọ síbẹ̀ láti parí wọn, nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní bárékè. Ẹni tó bá mọ Kaneshie mọ ohun tí òjò ń fi ojú ibẹ̀ rí. Omi náà wọlé ní ọ̀sán gangan. Ká tó ní ká kó ẹrù sókè, ó ti dé àyà wa. Nígbà tó fà, aṣọ pupa ti ṣàn sára funfun, ẹrẹ̀ ti ṣe gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ kan náà. Mo gbé! Gbogbo aṣọ tí àwọn ọ̀gá ṣọ́jà máa fi dúró níwájú Ààrẹ! Mo rí bàtà dúdú lójú mi. Mi ò ti ilẹ̀kùn, mi ò wẹ ẹsẹ̀, tròtrò ni mo wọ̀, ó di ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ashaiman.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣé ìwọ lo rọ òjò ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ ṣọ́jà."

Mo fi ilé rẹ̀ ṣe ibi ìsádi. Lọ́jọ́ kan a gbọ́ ọkọ̀ jíìpù. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀pà lójú ọ̀nà dákẹ́ lójijì, àdúgbò Ashaiman tí kì í dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti dé. Ẹ má rín mi: àgbàlagbà ni mí, mo sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀kùn ṣí. Láti ibi tí mo wà, bàtà dúdú náà ni mo tún ń rí, ó rìn wọlé, ó dúró. Mo ti ń ka kálímọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí orúnkún méjì nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀gbọ́n mi, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Alata, wọ́n ní omi gbé ènìyàn lọ ní Kaneshie. Mo ń wá ọ kiri, mo rò pé ìwọ ni."

Ó kan na ọwọ́ sí mi, mo dì í mú, ó fà mí jáde. Aṣọ, ó ní wọ́n á ra òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi fún un ní omi, ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó mu ún tán. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń bẹ̀rù, mi ò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Nítorí rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Ó yàtọ̀ o, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ayé ń yí. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ lọ, oníná dé. Àmì tí à ń fi ọwọ́ rán pẹ̀lú òwú wúrà títí ojú á fi máa sunkún, kọ̀ǹpútà ń rán an báyìí kí o tó jẹ wááché rẹ tán. Mi ò bá ẹ̀rọ jà, òun ló jẹ́ kí n pẹ́ nídìí iṣẹ́. Kọ́nẹ́ẹ̀lì di Ọ̀gágun, ó wà níbẹ̀, ọdún ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì pé.

Àwọn ṣọ́jà ní àṣà kan fún ọ̀gá tó ń fẹ̀yìntì. Wọn á gbé e dúró nínú jíìpù tí kò ní òrùlé, wọn ò ní tan ẹ́ńjìnnì. Wọn á so okùn gígùn méjì mọ́ iwájú ọkọ̀ náà, àwọn ọ̀gá bíi tirẹ̀ á pín ara wọn sí ìdí okùn, wọn á fi ọwọ́ ara wọn fà á gba àárín àwọn ọmọ ogun tó tò lápá ọ̀tún àti lápá òsì, títí yóò fi jáde ní gẹ́ètì. Òun á dúró, ọwọ́ kan lórí irin iwájú rẹ̀, ọwọ́ kejì á máa kí wọn ní ìkíni ológun. Fífà yẹn ni òpin iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ṣọ́jà tí kì í lálàá rẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pè mí sílé láti wá wọn aṣọ ọjọ́ náà. Ẹ̀wù ńlá tó fẹ̀ ló wọ̀. Mo na téèpù yí àyà rẹ̀ ká, ó pàdé, ó sì ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé mo dì í mú lódì. Mo tún un wọ̀n. Eegun ìhà rẹ̀ ń kan ìka mi láti abẹ́ ẹ̀wù. Háà! Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọwọ́ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ó ní, "Ta ló tún ń lé ọ, Alata?" Kò rẹ́rìn-ín. "Dókítà mọ̀, èmi mọ̀, ìwọ náà ti mọ̀. Màdáámù, ìyàwó mi, rò pé inú rírun lásán ni. Ẹsẹ̀ mi ti ń yẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá gbọ́, orí àga ni wọ́n máa gbé mi jáde. Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní ìdúró! Jẹ́ kí n dúró jáde, Ràímì. Mi ò bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan rí."

Òótọ́ ni, kò bẹ̀ mí rí. Mo ní, "Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́, sà?"

"Ìwọ ni télọ̀."

Mo dé ilé, mi ò lè jẹun. Òfin Alfa Sùlè méjèèjì ń bá ara wọn jà lórí mi: bí mo bá fẹ́ pa amánà mọ́, àfi kí aṣọ purọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú rẹ̀, mo mú fóòmù, mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo tò ó sí èjìká, mo tò ó sí àyà àti ẹ̀yìn, títí tí aṣọ náà fi gba ìrísí ọkùnrin tí mo ti ń wọ̀n láti ìgbà Kápúténì. Lẹ́yìn náà ni mo rán ẹ̀wù kékeré kan sí abẹ́ ẹ̀wù náà, kánfáàsì líle, mo sì fi bẹ́líìtì àpò ẹ̀yìn ṣọ́jà gbé e kọ́ èjìká, mo fi yí ìbàdí. Iwájú rẹ̀ ni mo yọ okùn pẹlẹbẹ méjì sí, ìkọ́ irin wà lẹ́nu wọn. Àmùrè pupa tí wọ́n ń dì sí ìbàdí ló bò wọ́n. Bó bá ti dúró nínú ọkọ̀, kó fi ìkọ́ kọ́ irin iwájú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, aṣọ á gbé e.

Bí òwú bá já ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sinmi. Mo ń fi gbogbo ara mi rọ̀ mọ́ okùn náà nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ń dán an wò, ó ń gbé mi, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe Ọ̀gágun. Mo ń rí i tó ṣubú níwájú táyà. Mo ń rí àwọn ṣọ́jà tó tú aṣọ rẹ̀ wò, tí wọ́n rí okùn. Wọn á ní ta ló rán an? Wọn á ní Alata ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a tilẹ̀ bí wa síbí, ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni a máa ń di àjèjì. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Kó ṣubú níṣojú àwọn ọmọ tó kọ́ ní ìdúró, ìyẹn ni.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la, mo gbé aṣọ lọ. Màdáámù ló jáde sí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ọmọ Fante, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Bí mo ṣe na aṣọ sí i, kò gbà á.

Ó ní, "Tẹ́là, ọjọ́ pẹ́ tí ẹ ti ń wọn ọkọ mi. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Báwo ló ṣe rù tó?"

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyàwó ẹni ni. Bí kì í bá ṣe òun, ta ló yẹ kó mọ̀? Bí mo bá sọ, ó lè dá gbogbo rẹ̀ dúró, kí ọkọ rẹ̀ má ṣubú. Bí mo bá dákẹ́ tó sì ṣubú, èmi ni mo pa á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi láti sọ.

Mo ní, "Màdáámù, aṣọ á bá wọn mu."

"Mi ò béèrè aṣọ lọ́wọ́ yín."

Ó wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ náà. Ó wá gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e dání bí ẹni ń wò ó bóyá ó wúwo. "Ó dára," ló wí, ó sì wọlé.

Ilẹ̀ mọ́, oòrùn mú láti àárọ̀. Mo dúró láàrin àwọn àlejò lẹ́yìn, aṣọ ara mi ti tutù fún òógùn. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ka iṣẹ́ tí ó ṣe, wọ́n dárúkọ àwọn ìlú tó lọ dúró láàrin ogun wọn. Mi ò gbọ́ ju díẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Ó rìn lọ sídìí jíìpù, ó gun ún, ọ̀dọ́mọdé ọ̀gá kan fẹ́ dì í lápá mú, ó mi orí fún un. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sábẹ́ àmùrè pupa, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó nàró. Àwọn afọnfèrè bẹ̀rẹ̀ orin, àwọn ọ̀gá di okùn mú, ọkọ̀ náà sún.

Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí mo rí i. Aṣọ náà fà. Ìlà kan ti ìbàdí rẹ̀ lọ sí abẹ́ apá, òmíràn lápá kejì, kọ́là sì sún sókè mọ́ ọrùn rẹ̀. Yéè! Aṣọ kì í fà báyìí lára ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti lọ. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ ti bọ́ sórí òwú mi, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà ní iwájú orí, ó ń kí àwọn ọmọ rẹ̀, kò mì. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ẹ wo bó ṣe dúró!" Mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń bẹ Ànábì, mo ń bẹ Alfa Sùlè nínú sàréè rẹ̀. Mo wo Màdáámù níwájú. Gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, òun nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún ara rẹ̀ mú. Ọkọ̀ náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, okùn ń dún lọ́wọ́ àwọn tó ń fà á, títí ó fi yà ní gẹ́ètì tí ògiri bò ó.

Ó dúró jáde.

Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn ìyẹn tó fi kú. Màdáámù ránṣẹ́ pè mí. Aṣọ náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo dé, ó tẹ́ ẹ bí ẹni tó sùn. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, kò jẹ́ kí n ṣe é.

Ó ní, "Òun ló ní ká fi èyí sin òun. Ẹ tú gbogbo fóòmù yẹn kúrò. Mo fẹ́ kó sùn ní ìwọ̀n ara rẹ̀."

Ẹ ò rí ayé. Láti ìgbà èwe mi ni wọ́n ti ń ní kí n tú u. Mo jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, mo yí inú aṣọ síta. Ibi tí okùn ti wọnú kánfáàsì ni mo kọ́kọ́ wò, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù mi wà. Òwú mi, òwú aláwọ̀ ewé tó le, tí mo fi máṣíìnì gbà lẹ́ẹ̀mẹta. Lápá òsì, ó ti já. Ó já pátápátá. Etí rẹ̀ méjèèjì ń rọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lórí rẹ̀ ni òwú mìíràn wà, òwú funfun nípọn tí wọ́n fi ń rán tìmùtìmù, ìránṣọ ọwọ́, ó wọ́ wúruwùru, kókó lórí kókó. Kì í ṣe ọwọ́ mi. Òwú funfun yẹn nìkan ló di okùn náà mú.

Mo gbójú sókè. Màdáámù dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Nígbà tí ẹ lọ ni mo yí inú rẹ̀ síta. Mo fà á, mo rò pé kò le tó. Mi ò mọ aṣọ ọ́ rán. Ṣé ó burú ni?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kọ́ iṣẹ́ tó bá wù yín. Ẹ̀rù á bá yín níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Mo rò pé èmi nìkan ni mo ń gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn.

Bí Alfa Sùlè bá rí ìránṣọ náà, ohun tó máa sọ kò ṣòro láti mọ̀. Mo mú abẹ, mo tú fóòmù èjìká, mo tú ti àyà, mo tú ti ẹ̀yìn. Mo tú gbogbo òwú tèmi. Tirẹ̀, mi ò tú u.